Orí Keje: Ilẹ̀kùn Iwájú, Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn — Ṣé Àyẹ̀wò Pápákọ̀ Òfurufú Ń Dènà Ìgbésùnmọ̀mí?

Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1972, ọkọ̀ òfurufú Boeing 727 kan ti iléeṣẹ́ South African Airways gbéra ní Salisbury, ìlú tí à ń pè ní Harare lónìí, ó ń lọ sí Johannesburg. Wọ́n já a gbà lójú ọ̀run. Ọkùnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ Lẹ́bánónì yọ dáínámáìtì sí àwọn awakọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba owó lọ́wọ́ Anglo American, iléeṣẹ́ ńlá tí ìdílé Oppenheimer ń darí nígbà náà. Fouad Kamil, ọ̀kan nínú wọn tó ṣe agbátẹrù ọ̀rọ̀ náà, gbà pé wọ́n jẹ òun lówó nínú iṣẹ́ dáyámọ́ńdì. Blantyre ní Màláwì ni ọkọ̀ náà balẹ̀ sí nígbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àwọn èrò ti ráyè sá jáde, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ sójà ti tẹ àwọn méjèèjì, wọ́n sì lọ sẹ́wọ̀n.

Láyé ìgbà náà, ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú àgbáyé, ènìyàn lè fi àpò rẹ̀ kọ́ apá wọkọ̀ láìsí ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Lónìí, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Pápákọ̀ òfurufú O.R. Tambo, tó wà ní Kempton Park ní ìlà-oòrùn Johannesburg, ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 20 èrò lọ́dún nígbà tí iṣẹ́ bá lọ déédéé. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó lè wọ bàálù láìbọ́ bẹ́líìtì, láìyọ kọ̀ǹpútà àgbélétan síta, láìgba ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ kọjá. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń rin ọ̀nà Èkó sí Johannesburg mọ ìlà náà dáadáa, wọ́n mọ bí ó ṣe ń gùn tó ní oṣù Kejìlá.

Ìbéèrè orí yìí ni pé: ṣé gbogbo wàhálà yìí ń dá agbésùnmọ̀mí dúró? Ohun tí ẹ̀rí fi hàn ni pé ó ń dá irú ìkọlù kan dúró gan-an, ó ń dá òmíràn dúró díẹ̀, àwọn kan sì wà tí kò kàn rárá. Ẹni tí kò bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ yóò máa ná owó síbi tí kò yẹ.

Ohun tí ẹ̀rọ irin ṣe

Ẹnu ọ̀nà tí èrò ń gbà kọjá ní wáyà tí wọ́n ká sínú. Iná mànàmáná ń gba inú wáyà náà kọjá, ó sì ń mú agbára òòfà jáde. Bí irin bá wọ àárín rẹ̀, agbára òòfà yìí yóò mú kí iná kékeré ṣàn nínú irin náà, iná kékeré yẹn yóò sì dá agbára òòfà tirẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹn ni ẹ̀rọ ń gbọ́ tó fi ń ké. Ìbọn ni wọ́n ṣe é fún, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárín ọdún 1968 sí 1972, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà tí wọ́n já gbà lé ní 130. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1973, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n máa yẹ gbogbo èrò àti àpò ọwọ́ wọn wò. Lọ́dún yẹn gan-an, ìjákọ̀gbà lọ sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà àti Cuba tún fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù Kejì ọdún náà pé àwọn ajákọ̀gbà kò ní rí ibi forí pamọ́ sí ní Cuba mọ́, ìyẹn náà sì ràn án lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí Cynthia Lum àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìwé tó lé ní 20,000 lórí ìgbógunti ìgbésùnmọ̀mí wò ní ọdún 2006, ìwádìí méje péré ni wọ́n rí tó kún ojú òṣùwọ̀n. Nínú ìwọ̀nba ohun tó ní ẹ̀rí lẹ́yìn ni ẹ̀rọ irin wà: ó dín ìjákọ̀gbà kù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì. Walter Enders àti Todd Sandler, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, fi hàn ní ọdún 1993 pé bí ìjákọ̀gbà ṣe ń dín kù ni irú ìkọlù mìíràn, bí ìjínigbé, ń pọ̀ sí i. Ẹni tó fẹ́ ṣe ibi yóò wo ibi tó le, yóò sì yà síbi tó rọ̀.

Ìtàn Gúúsù Áfíríkà ní àpẹẹrẹ tó fi agbára àyẹ̀wò àti àléébù rẹ̀ hàn pọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1981, Mike Hoare, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun agbowójà, kó ènìyàn rẹ̀ gba Swaziland, tó ń jẹ́ Eswatini báyìí, wọ bàálù lọ sí Seychelles láti lọ gba ìjọba. Wọ́n ṣe bí ẹni tó ń lọ gbafẹ́. Ìbọn AK-47 wà nísàlẹ̀ àpò wọn, ohun ìṣeré ọmọdé sì wà lókè. Ìbọn náà kọjá níbi tí wọ́n ti gbéra. Ní Mahé ní Seychelles, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan ki ọwọ́ bọ àpò ọ̀kan nínú wọn, ó kan ìbọn, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló tú àṣírí ogun. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ìbọn ti wọ pápákọ̀ ná, àwọn agbowójà náà já ọkọ̀ Air India gbà, wọ́n sì fipá darí rẹ̀ sí Durban. Àyẹ̀wò tó ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìrìnàjò ti pẹ́ jù fún àwọn èrò.

Àwa náà ní tiwa. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1993, àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin já ọkọ̀ Nigeria Airways tó ń ti Èkó lọ sí Àbújá gbà, wọ́n sì darí rẹ̀ sí Niamey ní orílẹ̀-èdè Niger. Ìfagilé ìbò June 12 tí M.K.O. Abiola jáwé olúborí nínú rẹ̀ ló ń bí wọn nínú. Àwọn agbófinró Niger ló ya wọ inú ọkọ̀ náà láti tú àwọn èrò sílẹ̀, ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ọkọ̀ kan sì bọ́ níbẹ̀. Ogún ọdún ni èyí lẹ́yìn tí ayé ti mọ ìwúlò àyẹ̀wò. Òfin nìkan kì í dènà ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ń mú un ṣẹ lójoojúmọ́ ni ààbò.

Ohun tí kò ní irin nínú

Oògùn abúgbàù tí wọ́n ń pè ní PETN kò ní irin kankan nínú. Kábọ́ọ̀nù, háídírójìn, náítírójìn àti ọ́síjìn ló para pọ̀ di í. Ẹni tó bá rán an mọ́ aṣọ lè gba ẹnu ọ̀nà onírin kọjá láìké.

Ẹ̀rọ X-ray tí à ń kó àpò sí lè rí i, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Oríṣi agbára ìtànṣán méjì ni ẹ̀rọ náà ń lò, ó sì ń fi ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín wọn mọ irú èròjà tó wà nínú àpò. Irin á hàn ní àwọ̀ aró. Ohun tí kábọ́ọ̀nù àti ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀ á hàn ní àwọ̀ ọsàn. Èyí tó wà láàárín méjèèjì á hàn ní àwọ̀ ewé. Oògùn abúgbàù wà lára àwọn tó ní àwọ̀ ọsàn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni gàárì, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti ọṣẹ dúdú. Nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ní kí ìyá kan tú èlùbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ó kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rọ ló fi ìdì ìyẹ̀fun kan hàn án tí kò lè dárúkọ.

Ti nǹkan olómi náà bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2006, ọlọ́pàá ìlú London mú àwọn tó ń gbèrò láti fi bọ́ǹbù olómi inú ìgò ohun mímu já ọkọ̀ òfurufú lulẹ̀. Láti ibẹ̀ ni òfin mílílítà 100 ti jáde. Ní O.R. Tambo, ìrìnàjò òkè òkun ni òfin yìí wà fún. Ẹni tó ń lọ sí Cape Town lè gbé omi rẹ̀ wọkọ̀. Ẹni tó ń lọ sí London gbọ́dọ̀ jù ú nù. Bàálù kan náà ni, omi kan náà ni. Ibi tí ewu ti fojú hàn rí ni òfin ń tẹ̀ lé. Ẹ tún kíyè sí i pé kì í ṣe ẹnu ọ̀nà àyẹ̀wò ni wọ́n ti mú àwọn ará London yẹn. Àwọn ọlọ́pàá ti ń ṣọ́ wọn kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá.

Ojú tó ń wò, tí kò rí

Lẹ́yìn ẹ̀rọ, ènìyàn ló jókòó. Ní ọdún 2005, Jeremy Wolfe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí àwọn ènìyàn wá ohun kan láàárín àwòrán tó kún fún oríṣiríṣi nǹkan. Nígbà tí ohun náà wà nínú ìdajì àwọn àwòrán, ìdá 7 nínú 100 ni wọ́n fò dá. Nígbà tó jẹ́ pé inú àwòrán kan péré nínú 100 ló wà, ohun tí wọ́n fò dá fò sókè dé ìdá 30 nínú 100. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ọmọ ènìyàn ṣe rí: ohun tí kì í sábà yọjú, ojú kì í tètè rí i.

Ẹ wá ro ti òṣìṣẹ́ tó lè yẹ àpò wò títí di ọjọ́ ìfẹ̀yìntì láìrí bọ́ǹbù kan. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀rọ òde òní fi máa ń ju àwòrán ayédèrú ìbọn tàbí bọ́ǹbù sójú ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ojú má baà sùn. Ọgbọ́n gidi ni, ṣùgbọ́n kò tíì tán ìṣòro. Ní ọdún 2015, ìròyìn jáde pé àwọn tí ìjọba Amẹ́ríkà rán láti dán àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ wò gbé ohun tí òfin kọ̀ kọjá ní ẹ̀ẹ̀mẹtàdínláàádọ́rin nínú àádọ́rin, ìyẹn 67 nínú 70. Amẹ́ríkà tó lówó, tó lẹ́rọ, ni mo ń wí.

Ìṣirò náà sì tún le fúnra rẹ̀. Ká sọ pé ẹni ibi kan ṣoṣo wà láàárín mílíọ̀nù 20 èrò, ká sì ní ẹ̀rọ tó dára dé ibi pé ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 100 ló ń ṣì ṣe. Ẹ̀rọ yìí yóò ké lé nǹkan bí aláìṣẹ̀ 200,000 lórí nítorí ẹnì kan ṣoṣo yẹn. Igba ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọn yóò dá dúró, tí wọn yóò tú ẹrù wọn! Òṣìṣẹ́ tó ti tú ẹrù aláìṣẹ̀ títí kò ní gba igbe ẹ̀rọ gbọ́ mọ́, ọjọ́ tó bá sì dẹra nù ni ewu ń kọjá.

Bàbá kan ní Àbújá

Kò sí ìtàn tó kàn wá tó ti Umar Farouk Abdulmutallab. Ó wọkọ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 2009, ó gba Amsterdam kọjá, ó sì dé ojú ọ̀run Detroit ní ọjọ́ Kérésìmesì pẹ̀lú PETN tí wọ́n rán mọ́ pátá rẹ̀. Ẹ̀rọ irin kò rí i ní Èkó, kò rí i ní Amsterdam. Bọ́ǹbù náà gbiná, kò bú. Àwọn èrò tó jókòó nítòsí rẹ̀ ló dì í mú, tí wọ́n sì pa iná. Ẹ̀mí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 ló yè. Ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà rán an lẹ́wọ̀n gbére ní ọdún 2012.

Àmọ́ ìkìlọ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kọkànlá ọdún 2009, ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀, Umaru Mutallab, bàbá rẹ̀, tó ti ṣe mínísítà rí tó sì jẹ́ àgbà òṣìṣẹ́ báńkì, lọ sí iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Àbújá. Ó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ ọmọ òun ń ba òun lẹ́rù. Wọ́n kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, wọn kò sì fi í sínú ìwé àwọn tí kò gbọ́dọ̀ wọ bàálù. Ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà tó yẹ ọ̀rọ̀ náà wò padà sọ pé ibi 14 ni wọ́n ti kùnà.

Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010, Amẹ́ríkà kọ orúkọ Nàìjíríà mọ́ àwọn orílẹ̀-èdè 14 tí wọn yóò máa yẹ ọmọ ibẹ̀ wò kunkun. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń fi ìwé ìrìnnà Nàìjíríà rìn, ní Johannesburg tàbí níbikíbi, di èyí mú ṣinṣin: ọmọ Nàìjíríà ló gbé bọ́ǹbù náà, ọmọ Nàìjíríà náà ló fún ayé ní ìkìlọ̀ tó dára jù lọ. Ẹni tó bá fojú afurasí wo gbogbo ènìyàn orílẹ̀-èdè kan ń ti irú ẹni tó lè wá sọ òtítọ́ fún un lọ́jọ́ ewu dànù.

Ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2006, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú ọkọ̀ South African Airways tó ń ti Cape Town lọ sí Johannesburg fi abẹ́rẹ́ ìgúnni halẹ̀ mọ́ni, ó sì gbìyànjú láti wọ yàrá awakọ̀. Kò ráyè wọlé. Àwọn èrò mú un mọ́lẹ̀, awakọ̀ sì darí ọkọ̀ padà sí Cape Town. Ohun méjì ló gbà wọ́n: ilẹ̀kùn tó tì, àti èrò tí kò jókòó tẹtẹrẹ.

Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001 ni wọ́n ti ń ki ilẹ̀kùn yàrá awakọ̀ lágbára. Mark Stewart àti John Mueller, tó ṣe ìṣirò iye tí Amẹ́ríkà ń ná lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ètò ààbò, rí i pé ilẹ̀kùn yìí ń gba ẹ̀mí là pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́ bí a bá fi wé ti àwọn ẹ̀ṣọ́ oníbọn tí ń bá èrò rìn nínú bàálù. Ilẹ̀kùn náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 2015, igbákejì awakọ̀ Germanwings kan ti ọ̀gá rẹ̀ mọ́ta, ó sì fi ọkọ̀ náà kọlu òkè ní Faransé. 150 ènìyàn kú. Ilẹ̀kùn kò lè gbani lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nínú ilé.

Ikú ilé

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ibi tí mo rò pé ọ̀rọ̀ Johannesburg ti gbóná jù nìyí. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2017, àwọn olè wọ apá tí ẹrù wà ní O.R. Tambo. Mọ́tò tí wọ́n ṣe bíi ti ọlọ́pàá ni wọ́n gbé wá, aṣọ ọlọ́pàá sì wà lọ́rùn àwọn kan nínú wọn. Owó tó yẹ kó bá bàálù lọ sí London ni wọ́n kó; mílíọ̀nù 24 rand ni ìròyìn kọ́kọ́ sọ. Ìbọn kò dún. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn ìyá àgbà ń bọ́ bẹ́líìtì níwájú.

Olè kì í ṣe agbésùnmọ̀mí, owó ló ń wá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí àpótí owó gbà jáde, bọ́ǹbù lè gbà á wọlé. Ní Mogadishu, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejì ọdún 2016, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Àwòrán kámẹ́rà fi àwọn òṣìṣẹ́ pápákọ̀ hàn tí wọ́n fa kọ̀ǹpútà àgbélétan lé ọkùnrin kan lọ́wọ́ lẹ́yìn tó ti kọjá àyẹ̀wò. Bọ́ǹbù inú rẹ̀ lu ihò sára ọkọ̀ Daallo Airlines. Nítorí pé ọkọ̀ náà kò tíì lọ sókè púpọ̀, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò tíì fi agbára púpọ̀ ju tìta lọ, ara ọkọ̀ kò sì ya. Ẹni tó gbé bọ́ǹbù nìkan ló kú, awakọ̀ sì gbé àwọn tó kù padà sílẹ̀ láyọ̀.

Ní Johannesburg, ọ̀pọ̀ èrò ló máa ń fi ọ̀rá wé báàgì wọn nítorí àwọn tí ń ṣí ẹrù jalè. A ti sọ ọ́ di ẹ̀fẹ̀ láàárín ara wa. Kò yẹ kó jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Ọwọ́ tó lè ṣí báàgì láti yọ bàtà lè ṣí i láti fi nǹkan sí i.

Iye tó ń ná wa

Ìlà gígùn náà ní ewu tirẹ̀. Ní Brussels, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2016, gbọ̀ngàn tí èrò ti ń forúkọ sílẹ̀ ni bọ́ǹbù ti bú, níwájú ibi àyẹ̀wò. Lọ́jọ́ yẹn, àti níbẹ̀ àti nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ènìyàn 32 ló kú lọ́wọ́ àwọn apànìyàn náà. Ẹnikẹ́ni ló lè fi ọkọ̀ ojú irin Gautrain dé O.R. Tambo, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ìlà máa yá jẹ́ ara ààbò, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn lásán.

Ewu kan tún wà tí ojú kì í rí. Garrick Blalock, Vrinda Kadiyali àti Daniel Simon ṣe ìṣirò pé nígbà tí àyẹ̀wò le sí i ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún 2001, àwọn kan fi bàálù sílẹ̀, wọ́n wọ mọ́tò. Nínú oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2002 nìkan, nǹkan bí 129 ènìyàn ni wọ́n ṣírò pé ó tìdí èyí kú lójú pópó. Ọ̀nà tí ń pani pọ̀ ní Gúúsù Áfíríkà àti Nàìjíríà. Ìjọba tó bá ń ṣòfin fún òfurufú gbọ́dọ̀ rántí ilẹ̀.

Ìdájọ́

Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ irin àti X-ray dúró. Wọ́n ti gba ẹ̀mí là, ẹni tó bá ní ká kó wọn dànù kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún 1973. Ṣùgbọ́n kí owó àti ojú tó kàn máa lọ sí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: kí wọ́n yẹ òṣìṣẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ èrò wò, kí wọ́n san owó tó tó jẹun fún wọn, kí kámẹ́rà máa wo ibi tí ẹrù ń gbà, kí ẹni tó bá wá fi ìkìlọ̀ sun rí ẹni tí yóò gbọ́ ọ títí dé òpin.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ ìwọ arìnrìnàjò. Má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí o kò dì fúnra rẹ, ì báà jẹ́ mọ̀lẹ́bí, ì báà jẹ́ olólùfẹ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ní Heathrow ní London, ìbéèrè àwọn ẹ̀ṣọ́ El Al, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Ísírẹ́lì, ló jẹ́ kí wọ́n rí bọ́ǹbù nínú báàgì ọmọbìnrin aboyún kan. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, Nezar Hindawi, ló fún un ní báàgì náà, ọmọbìnrin yẹn kò sì mọ ohunkóhun. X-ray ti gbà á kọjá. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ bá bi ọ́ pé, «Ṣé ìwọ fúnra rẹ lo di ẹrù yìí?», dúró, ronú, kí o sì dáhùn òtítọ́. Ìbéèrè náà ti gba odindi ọkọ̀ òfurufú là rí.